Àlejò Ọdún Méjì, Àlejò Ọ̀sẹ̀ Méjì

Àwa tí a bí nígbà tí òmìnira ń bọ̀ lọ́nà, tàbí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọ̀dọ̀ àlejò ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́ ìwé ní girama. Ọ̀dọ́ òyìnbó kan yóò dé láti Amẹ́ríkà tàbí láti Ìlú Ọba. Wọn yóò fún un ní ilé kékeré kan nínú ọgbà ilé ìwé, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wa ní físíìsì tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì. Kẹ̀kẹ́ ni ó ń gùn lọ sọ́jà. Ó ń kí àwọn ìyá wa pé "Ẹ kú ọjà", àwọn ìyá wa sì ń fi ẹ̀rín dá a lóhùn pé, "O ṣeun, ọmọ mi." Ọdún méjì ni ó ń lò. Kó tó lọ, ó ti mọ orúkọ gbogbo wa, ó ti mọ ẹni tí bàbá rẹ̀ ti kú, ó sì ti mọ ẹni tí kò tíì rí owó ilé ìwé san.

Ní òde òní, ọ̀sẹ̀ méjì ni. Fọlọ́ńtíà tó ń wá sí ilé ìwé àwọn ọmọ àkàndá ní Ghana, ní Togo tàbí lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lórí ìsinmi ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ti sanwó fún ilé iṣẹ́ tó bá a ṣètò ìrìn àjò kó tó kúrò nílé, owó náà a sì máa ju owó oṣù tísà tí yóò bá nínú kíláàsì lọ. Yóò kun ògiri ilé ìwé, yóò bá àwọn ọmọ gbá bọ́ọ̀lù, yóò pín bisikíìtì àti báírò, yóò ya fọ́tò, fọ́tò náà yóò sì ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ilẹ̀ tó ṣú. Inú rere ló gbé e wá. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìgbà tó bá fi mọ orúkọ ọmọ márùn-ún, ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé ayé àtijọ́ dára ju ti ìsinsìnyí lọ. Kó má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àlejò ọdún méjì yẹn, ọ̀dọ̀ àwa tí etí wa ń gbọ́ ni wọ́n wà. Ọmọ kan wà nínú agbo ilé wa tí kò gbọ́ràn, ó sì ṣọ̀wọ́n kí agbo ilé ńlá má ní irú rẹ̀. Ó ń pọnmi, ó ń ṣẹ́gi, ó ń fọ abọ́, ó mọ iṣẹ́ oko ju àwa lọ, ṣùgbọ́n láàárọ̀ tí àwa bá gbé sílétì, òun ń padà sídìí àdògán. Odi ni a ń pè é, bí ẹni pé wọn kò sọ ọ́ lórúkọ rí. Àwọn àgbà ń kìlọ̀ fún wa pé ẹni òrìṣà ni, pé Ọbàtálá ló dá a bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ yóò rí ohun tí ojú rẹ̀ ń wá. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n ń tì í mọ́ yàrá ní ọjọ́ tí àna bá ń bọ̀ wá tọrọ ìyàwó, kí àna má baà sọ pé àbùkù wà nínú ìdílé. A gbọ́ ìkìlọ̀, a sì rí yàrá. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó kọ́ ọmọ náà ní ábídí.

Lónìí òfin ti wà. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2011, ti ìjọba àpapọ̀ sì di òfin ní January 2019: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àìpé ara dá ẹnikẹ́ni sẹ́yìn. Òfin àpapọ̀ yẹn fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024, ọ̀pọ̀ ilé ìwé tí mo mọ̀ ni àtẹ̀gùn wọn ṣì rí bó ṣe rí. Rédíò kò pe ẹnikẹ́ni ní odi mọ́, ó ti ń pè wọ́n ní àkàndá ẹ̀dá, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìyá kan tó fẹ́ gbé ọmọ adití lọ sí ilé ìwé ní ìlú kékeré, ó ṣì ní láti kọjá ìlú mẹ́ta kó tó rí èyí tó ní tísà tó lè fi ọwọ́ sọ̀rọ̀.

Àlejò kan ni ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn yàrá yẹn ní Ìbàdàn, kì í sì í ṣe òyìnbó. Andrew Foster ni orúkọ rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni, wọ́n bí i ní Alabama ní 1925, àìsàn yínrùnyínrùn sì gba etí rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11. Ilé ìwé adití tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn dúdú ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ kò kọ́ ọmọ kọjá kíláàsì kẹfà. Ó lọ ṣiṣẹ́ ní Detroit, ó ń fi lẹ́tà kẹ́kọ̀ọ́ títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí girama, ó sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè jáde ní Gallaudet, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn adití ní Washington, ní 1954. Ní 1957 ó dé Accra. Àwọn míṣọ́nnárì tó bá pàdé sọ fún un pé kò sí ọmọ adití ní Áfíríkà. Ẹ rántí yàrá tí mo sọ. Wọn kò purọ́, ohun tí wọ́n fi hàn wọ́n ni wọ́n rí. Foster kò gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ọmọ náà kiri, ó yá kíláàsì lò ní Osu ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ tó ń gbọ́ràn bá ti lọ sílé, àwọn ọmọ tí wọ́n ní kò sí náà sì kún inú rẹ̀.

Ní 1960, ọdún òmìnira wa gan-an, ó dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó tún dá sílẹ̀ ní Enugu àti Kàdúná. Ní 1961 ó gbé Berta níyàwó ní Nàìjíríà níbí, obìnrin ará Jámánì tí òun náà jẹ́ adití. Ìgbà tí ọkọ̀ òfuurufú kékeré já lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní Rwanda ní December 1987, ilé ìwé tó ti dá sílẹ̀ lé ní 30, ní orílẹ̀-èdè 13. Ṣùgbọ́n iye ilé ìwé kọ́ ni mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un. Ohun tó ṣe tí àwọn àlejò wa yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ni pé ó ń kọ́ àwọn adití Áfíríkà láti di tísà. Ó mú Ìbàdàn di ibi tí ọ̀dọ́ adití láti ilẹ̀ tó ń sọ Faransé ti ń wá kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, tí wọ́n sì ń padà lọ dúró níwájú kíláàsì ní ìlú tiwọn. Ọmọ adití tó wọ irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ rí àgbàlagbà tó dà bí òun, tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ láìtijú, tó ń gba owó oṣù, tó sì níyàwó nílé.

Ẹ wá wo àlejò ọ̀sẹ̀ méjì nínú kíláàsì kan náà. Kò gbọ́ èdè ọwọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú, yóò fi ìka rẹ̀ hàn án bí a ṣe ń kọ lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, yóò kọ́ ọ ní "ẹ ṣé", yóò kọ́ ọ ní "ebi ń pa mí". Inú àlejò á dùn, inú ọmọ náà á sì dùn. Ọ̀sẹ̀ kẹta, àlejò mìíràn dé, ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Nínú ọdún kan ó lè kọ́ àlejò mẹ́wàá ní ohun kan náà, nígbà tí ìṣirò tó yẹ kí ẹnìkan kọ́ òun alára wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ó tún nira ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè gba ẹ̀kọ́, tàbí ọmọ ọ́tísìímù tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ àfi tí ojú kan náà bá wà níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń pẹ́ kó tó gbára lé ènìyàn. Nígbà tó bá fi gbára lé e, ènìyàn náà ti lọ. Mo ti rí ọmọ tó jókòó sí ẹnu géètì fún ọjọ́ púpọ̀, tó ń wo ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà, àwọn tísà sì ń bẹ̀ ẹ́ kó wọlé wá jẹun. Àlejò tó ń retí náà kò mọ̀. Kò sí ẹni tó kọ̀wé sí i.

Síbẹ̀ àkókò gígùn nìkan kò sọ iṣẹ́ àwọn ará ìgbàanì di rere. Ní 1880, àwọn olùkọ́ adití láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà pàdé ní Milan, ní Ítálì. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni etí wọn ń gbọ́, wọ́n sì dìbò pé ẹnu ni kí adití máa fi kẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n má fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ mọ́ nínú kíláàsì. Ilé ìwé tó tẹ̀lé ìlànà yẹn, ní Ìlú Ọba àti ní àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa kọ́ ọmọ bí ètè ṣe ń yí, wọ́n sì ń na ọmọ tó bá gbé ọwọ́ sókè láti bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tísà tó bá yọ̀ǹda ọdún mẹ́wàá láti máa ṣe bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́wàá ló fi pa àwọn ọmọ náà lẹ́nu mọ́. Ní Vancouver ní 2010 ni ìpàdé irú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìpinnu Milan sílẹ̀, tó sì sọ pé ó ṣe àwọn adití níbi. Àádóje ọdún ló wà láàárín.

Foster gbà wá lọ́wọ́ Milan, ṣùgbọ́n èdè tó kó wá, èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà ni. (Àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá, ọ̀dọ̀ àlejò ni wọ́n ti gba púpọ̀ nínú tiwọn: Laurent Clerc, adití ọmọ ilẹ̀ Faransé, bá wọn débẹ̀ ní 1816, ó sì dúró ti iṣẹ́ náà títí ó fi darúgbó.) Kí Foster tó dé, àwọn adití wa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní abúlé Adamorobe ní Ghana, èdè ọwọ́ kan wà tí adití àti ẹni tó ń gbọ́ràn jọ ń lò láti ayébáyé. Olanike Ola Orie, ọmọ Yorùbá tó jẹ́ onímọ̀ èdè, ti kọ̀wé lórí èdè ọwọ́ tí àwọn adití Yorùbá hun láti inú bí gbogbo wa ṣe ń fi ọwọ́ júwe nǹkan. Èdè wọ̀nyẹn kò ráyè wọ kíláàsì. Ọmọ tó kọ́ ti Amẹ́ríkà rí ìwé kà, ó sì rí ọ̀nà lọ sí yunifásítì. Nígbà tó bá délé, ìyá rẹ̀ ń wo ọwọ́ rẹ̀, kò gbọ́ ọ. Ojú kò yẹ kó fo irú àdánù bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí èrè rẹ̀ pọ̀ tó.

A tún mọ àlejò ìgbàanì tó rí wa kù díẹ̀ káàtó. Nígbà tí Alec Dickson dá ẹgbẹ́ olùyọ̀ǹda tí wọ́n ń pè ní VSO sílẹ̀ ní Ìlú Ọba ní 1958, ọmọ ọdún 18 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ni wọ́n kọ́kọ́ ń rán. Ọmọ tí kò tíì gba owó oṣù rí ni wọ́n ní kó wá kọ́ àwọn àgbà. Ní October 1961, ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Peace Corps, ètò olùyọ̀ǹda ti Amẹ́ríkà, tó wá sí Nàìjíríà wà ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, wọ́n ń parí ẹ̀kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Harvard. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan láàárín wọn kọ káàdì ìfìwéránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó ròyìn ìdọ̀tí ìlú, ó ní ìta gbangba ni gbogbo wa ń gbé ayé wa. Káàdì náà bọ́ sọnù kó tó fi ránṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí i he, wọ́n tẹ ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n pín in káàkiri, wọ́n sì wọ́de. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ààrẹ Kennedy. Ọmọ náà bẹ̀bẹ̀, ó sì kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ṣì ń fi ìgbéraga sọ ìtàn yẹn nígbà tí a wọ girama, inú wa sì ń dùn láti gbọ́ pé wọ́n fèsì.

Kò sí káàdì tó ń sọnù mọ́. Gbogbo rẹ̀ ló ń dé ibi tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn mìíràn pẹ̀lú. Ọmọ tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, ọmọ tí aṣọ rẹ̀ ya léjìká, gbogbo wọn wà nínú fọ́tò, àlejò gbá wọn mọ́ra láàárín, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ju ti káàdì 1961 lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ń fi hàn kò jìnnà sí tirẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn lè kàwé, wọ́n ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wọ́n ní ohùn, ayé sì gbọ́ wọn. Ọmọ tó wà nínú fọ́tò yìí kò mọ̀ pé fọ́tò wà. Bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Bí ọmọ náà bá sì dàgbà tó ń wá iṣẹ́, tàbí tó ń wá ọkọ, àwòrán itọ́ ẹnu rẹ̀ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá wá a. A kò gbọdọ̀ fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọmọ nìkan láti bá jà. Bí ilé ìwé kan bá gba àlejò, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnu géètì, ó sì yẹ kó ṣe é.

Nǹkan mìíràn ti yí padà tí àwa ọmọ ìgbà yẹn kò lálàá rẹ̀: àwa náà ti di àlejò. Ní 1987, ọdún kan náà tí Foster kú, Nàìjíríà dá Technical Aid Corps sílẹ̀, nígbà tí Bolaji Akinyemi jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Tísà wa, dókítà wa àti nọ́ọ̀sì wa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Gambia, sí Jamaica, títí dé Fiji, fún ọdún méjì méjì, owó Nàìjíríà ni wọ́n sì ń ná níbẹ̀. A ti gbàlejò, ó wá kàn wá láti ṣe àlejò. Mo fẹ́ràn ètò náà. Ó jẹ́ kí ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Èkìtì mọ bó ṣe ń rí láti wọ ìlú tí a kò gbọ́ èdè rẹ̀, kí a sì máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ìrìn àjò tó pọ̀ jù báyìí kì í ṣe ti ìyọ̀ǹda. Láti 2022 tí Ìlú Ọba ti fi iṣẹ́ olùtọ́jú kún iṣẹ́ tó ní físà, àwọn tísà wa lọ, títí tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn yẹn padà fún àwọn tuntun ní 2025. Láti 2023 ni England ti ń gba ìwé ẹ̀rí tísà ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì láti Nàìjíríà. Ní ìgbà kan, òyìnbó ń wá sọ́dọ̀ wa láti kọ́ ọmọ wa. Ní báyìí, ọmọ wa tó kọ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe ní Ọ̀yọ́ ń wẹ ọmọ òyìnbó ní Birmingham, ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé. N kò bá a wí. Iṣẹ́ ọlá ni, owó rẹ̀ sì ń kọ́ àbúrò mẹ́ta nílé. Ṣùgbọ́n kíláàsì tó fi sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ìlọrin, àlejò ọ̀sẹ̀ méjì ló ń dí àlàfo rẹ̀, ìyẹn bí àlejò kankan bá wá.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1977 fún ẹ̀kọ́ àkànṣe, èyí tó wà ní Ọ̀yọ́ báyìí, ọdọọdún ló ń mú tísà jáde. Adití wà nínú wọn, afọ́jú wà nínú wọn. Mo mọ adití tó gba NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tísà, níbẹ̀ pẹ̀lú èsì tó dára, tó wà nílé, tó ń rán aṣọ kó lè jẹun, nítorí pé ọ̀gá tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní òun kò mọ bí yóò ṣe máa bá a sọ̀rọ̀ ní ìpàdé àwọn tísà. Ilé ìwé adití tó wà ní ìlú rẹ̀ kò ní tísà tó tó. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ lọ pè é, òun àti àwọn bíi tirẹ̀, kí wọ́n fún wọn ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti owó oṣù tó ń wọlé lásìkò. Àlejò tó bá fẹ́ wá lẹ́yìn náà lè wá lo ọdún méjì, kó kọ́kọ́ jókòó nínú kíláàsì tísà yẹn, kó sì kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀.